Ìbòrùn Hájíà Lọ́jọ́ Ìsàmì

Nígbà tí ẹ̀yìn mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí mo lè pọn ọmọ láti àdúgbò Zongo dé Banikanni láì jókòó sinmi... ẹ gbọ́, ẹ sún fóònù tí ẹ fi ń gba ohùn mi sílẹ̀ yẹn mọ́ mi dáadáa, ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà dùn lẹ́nu mi. Ẹ̀yin méjèèjì ti ń fa ọ̀rọ̀ aṣọ láti àárọ̀. Kristẹ́lì ní hìjáàbù Sáfúrà ti gùn jù. Sáfúrà ní ṣòkòtò Kristẹ́lì ti fún jù. Ọmọ ọmọ mi ni yín, inú ilé yìí lẹ ti jọ dàgbà kí Sáfúrà tó lọ́kọ sí Zongo, tó gba ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ n sọ bí aṣọ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìsàmì bàbá yín dúró.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i ni. Àwa náà ń gbé Zongo nígbà náà, àwa ará Ṣábẹ̀ láàárín àwọn Haúsá, àwọn Dẹ́ńdì àti Yorùbá Ìlọrin. Bàbá yín àgbà ń wa ọkọ̀ ẹrù. Hájíà ló ni ilé tí a ń gbé, aṣọ ni wọ́n ń tà ní ọjà Arzèkè. Àwọn ni wọ́n gbẹ̀bí fún mi, torí ọkọ mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Èyí tí mo kọ́kọ́ bí ò dúró. Ó lọ kí wọ́n tó sàmì fún un, ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lọ́kàn mi. Pásítọ̀ kì í gbé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, Kùtọnù ni wọ́n ti ń wá, ó sì ń pẹ́ kí wọ́n tó padà wá. Ìsàmì ọmọ kejì yìí... kò gbọdọ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìyá ọkọ mi ti Ṣábẹ̀ wá. Ẹ ò mọ̀ wọ́n. Obìnrin gíga, ẹnu wọn mú. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọlọ́mọ tuntun kì í bo èjìká. Wọ́n á fi àdí àti osùn pa á lára títí á fi máa dán, wọ́n á ró aṣọ fún un mọ́ àyà, kí gbogbo ayé lè rí i pé ilé ọkọ tọ́jú rẹ̀, pé ó jẹ, ó yó. Èjìká ìyàwó ni ẹ̀rí ìyá ọkọ. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ohun tí ẹ̀ ń pè ní ìhòhò lónìí, ọlá ni lójú tiwọn.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n kùn mí ní osùn. Mo ní, "Ìyá, ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ o." Wọ́n ní, "Ọlọ́run tó fún ọ lọ́mọ, ṣé kò rí èjìká rẹ rí ni? Tí o bá bò ó, wọ́n á ní ebi ni mo fi pa ọ́." Ta ló jẹ́ fèsì? Ẹ̀yin á fèsì lónìí. Àwa ò jẹ́.

Ìgbà ọyẹ́ ni, eruku àti òtútù. Hájíà bá wa lọ. Wọ́n ní àwọn á jókòó síta, ṣùgbọ́n ọmọ tí àwọn fọwọ́ gbà sáyé, àwọn ò ní fi ọjọ́ rẹ̀ jókòó sílé.

Obìnrin kan ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, Ìyá Ìjọ là ń pè é. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó na apá dí ilẹ̀kùn. "Eléyìí ò wọlé. Ibí kọ́ ni wọ́n ti ń fi èjìká hàn."

Ìyá ọkọ mi ní, "Èmi ni mo kùn ún."

"Ẹ bò ó."

"N ò bò ó."

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín... ẹkún ló ń bọ̀ lójú tèmi. Mo ń gbọ́ ohùn pásítọ̀ nínú, wọ́n ti ń pe orúkọ àwọn ọmọ. Ọ̀kan. Òmíràn. Tí wọ́n bá pe tèmi tí n ò jẹ́, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún wá. Mo rántí èyí tó lọ. Ọyẹ́ ń fẹ́ sí èjìká mi.

Hájíà dìde lábẹ́ igi máńgòrò. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ìyàwó, ṣé òtútù ò mú ọ?" Ẹ gbọ́... láti àárọ̀, gbogbo wọn ló ń fọwọ́ fa aṣọ mi, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè yẹn. Mo ní, "Ó mú mi, Hájíà." Ni wọ́n bá bọ́ ìbòrùn ńlá funfun tí wọ́n mú bọ̀ láti Mẹ́kà, ó ku gèlè nìkan lórí wọn lójú ọ̀nà, níbi tí àwọn ọkùnrin ń kọjá. Wọ́n fi bo èmi àti ọmọ.

Ìyá Ìjọ fajú ro. "Aṣọ ìmàle nínú ṣọ́ọ̀ṣì?" Ìyá ọkọ mi náà ní, "Aṣọ ìmàle lára ìyàwó mi?" Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnu àwọn méjèèjì kò nìyẹn o. Hájíà ní, "Ẹ má bínú. Aṣọ yìí ò kírun rí. Èmi ni mò ń kírun."

Ìyá Ìjọ sọ apá rẹ̀ kalẹ̀. Mo sáré wọlé, pásítọ̀ ti ń pe orúkọ bàbá yín lẹ́ẹ̀kejì. Omi kan orí ọmọ. Ó ké, èmi náà ké. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù, pásítọ̀ nawọ́ sí mi, wọ́n ní, "Ẹ̀yin obìnrin ìjọ, ẹ wo arábìnrin yìí. Báyìí ló yẹ kí onígbàgbọ́ máa bora." Ilẹ̀ ni Ìyá Ìjọ ń wò títí ìsìn fi parí.

Bí a ṣe jáde, ìyá ọkọ mi fúnra wọn ló ṣí ìbòrùn náà, kí àwọn ará Ṣábẹ̀ tó wá síbi ìsàmì lè rí èjìká. Wọ́n rí i. Ìyá jó dé Zongo. Ṣùgbọ́n osùn ti ran aṣọ náà, ó pọ́n níbi èjìká méjèèjì. Mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀, kò lọ. Hájíà ní kí n fi sílẹ̀. Wọ́n ń fi í lọ mọ́sálásí bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kú. Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè, wọ́n á ní, "Ọjọ́ ìsàmì ọmọ mi ni."

Hmm... òní ńkọ́? Aṣọ pọ̀ ní Arzèkè ju tayé wa lọ. Ìmàle ní tirẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì yìí ní tirẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tọ̀hún ní tirẹ̀. Kí ènìyàn tó lanu kí ọ, aṣọ rẹ ti sọ fún un pé kó má kí ọ. Mi ò ní kí Sáfúrà má bora. Mi ò ní kí Kristẹ́lì bọ́ ṣòkòtò. Ẹ wọ èyí tí ọkàn yín bá gbà, ẹ̀yin lẹ máa wọ̀ ọ́. Ohun tí mò ń bi yín ni pé... ẹ̀yin ọmọ ìyá kan, tí òtútù bá mú ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, ṣé èkejì á bọ́ tirẹ̀ fún un? Ẹni tí òtútù mú ńkọ́, ṣé á gbà á?