Mo Dá Àna Mi Dúró Síta Bí Ọmọ Iléèwé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ìyàwó mi kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ju “oúnjẹ ti wà nílẹ̀” lọ. Gìtá mi wà lábẹ́ ibùsùn, eruku ọyẹ́ ti bò ó. Àna mi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ẹni tó kọ́ mi ní gìtá títa, ń gun alùpùpù kọjá níwájú ilé mi láìwo ẹ̀gbẹ́. Ta ló fà á? Èmi ni. Ẹnu mi tí pípàṣẹ fún ọmọ ọlọ́mọ ti mọ́ lára ló fà á.

Tíṣà ni mí. Tamale níhìn-ín, ní Ghana, ni wọ́n bí mi sí. Bàbá bàbá mi ló kó aṣọ títà wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ Yorùbá àdúgbò Aboabo nínú Tamale kan náà ni Bọ̀dá Míkà, àna mi. Àwọn ni wọ́n dá ẹgbẹ́ orin rọ́ọ̀kì wa sílẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà àdúgbò ń pè é ní ariwo àwọn aláìgbọràn. Àwa mẹ́rin ni: Bọ̀dá Míkà tí wọ́n ń kọ orin tí wọ́n sì ń ta gìtá, èmi tí mò ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, Fúsénì ọmọ ẹ̀yà Dàgọ́ńbà tó ń lùlù, àti Sàmíà tó ń kọrin. Sàmíà ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n tó bá ti gbé orin Bọ̀dá Míkà sẹ́nu, ẹ ó rò pé Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan kó lè yé yín. A kì í kọ orin wa sínú ìwé. Bọ̀dá Míkà ni ìwé wa. Bí orin bá fẹ́ parí, wọ́n á gbé ọrùn gìtá wọn sókè, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, gbogbo wa á sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀bẹ gé okùn.

Èmi ni mo mú òfin wọlé. A máa ń ṣe ìgbáradì ní àdúgbò Changli lẹ́yìn ìrun àsárì, àwọn èèyàn sì ń pẹ́. Mo ní ẹni tó bá pẹ́, kó dúró síta títí orin àkọ́kọ́ yóò fi parí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà. Bọ̀dá Míkà tiẹ̀ ní, “Tíṣà, ṣé o ò ní nà wá náà?”

Kò pẹ́ ni Bọ̀dá Míkà fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Lẹ́ẹ̀kíní, mo fojú fò ó. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ráhùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, a ti bẹ̀rẹ̀ orin nígbà tí wọ́n dé, tí apá aṣọ wọn rin fún omi. Mo na ọwọ́ sẹ́nu ọ̀nà, níwájú àwọn tó kéré sí wọn.

“Bọ̀dá, òfin ni. Ẹ dúró síta.”

“Haba, Tíṣà!” Sàmíà pariwo. “Àna yín mà ni!”

“Kò sí àna níbí. Olórin ló wà níbí.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tí mo dọ̀bálẹ̀ fún kí wọ́n tó fún mi láya ni mo dá dúró sínú oòrùn, tí mo ń ta orin wọn fún wọn gbọ́! Nígbà tó tó kí orin náà parí, gbogbo wa yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Ojú kan náà là ń yí po sí, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò ti já a, títí Fúsénì fi ju igi ìlù sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni àṣírí tú. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá Bọ̀dá Míkà àti ìyàwó mi dùbúlẹ̀, apá kan ò ṣiṣẹ́ mọ́, ahọ́n sì ti wúwo. Bọ̀dá Míkà ló ń wẹ̀ fún bàbá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó wá bá wa. Wọn ò sọ ọ́ nítorí ìyàwó mi: ó lóyún, dókítà sì ti ní kó má jáde nílé, kí ohunkóhun má sì dà á láàmú. Ibà díẹ̀ ni wọ́n pè é fún un. Ọjọ́ tó gbọ́ òótọ́, ó ní, “Bàbá mi ni wọ́n ń wẹ̀ fún, tí ẹ fi lé wọn síta.”

Ǹjẹ́ mo lọ tọrọ àforíjì? Rárá o. Fúsénì ni mo rán, nítorí mo ṣì ń sọ nínú ọkàn mi pé òfin tí gbogbo wa gbà ni mo tẹ̀ lé. Kí n má parọ́ fún yín, ìgbéraga ni. Bọ̀dá Míkà ní kí Fúsénì sọ fún mi pé àwọn ò sí lẹ́gbẹ́ mọ́. Láti ọjọ́ náà, Fúsénì kì í fẹ́ wo ojú mi. Sàmíà ní òun ò lè kọ orin ẹni tí wọ́n lé síta.

Oyún ìyàwó mi ti wọ oṣù rẹ̀. Bàbá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, Bọ̀dá Míkà ló yẹ kí wọ́n dúró fún ìdílé wọn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ìyàwó mi ránṣẹ́ pè wọ́n. Èsì tó wá nìyí: “Tíṣà ní kò sí àna níbẹ̀. Kí ló wá fẹ́ fi àna ṣe?”

Lọ́la, lẹ́yìn ìrun àsárì, mo fẹ́ lọ sí Aboabo. Mi ò ní kan ilẹ̀kùn. Màá dúró sínú oòrùn níwájú ilé wọn títí wọn yóò fi pè mí wọlé. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá pè mí ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ àna yín rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìgbà wo ni ó tó, tí èèyàn fi lè padà sílé?