Làálì Tó Wà Ní Àtẹ́lẹsẹ̀ Ìyá Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó bú mi. Ìyá mi ti kú. Gbogbo ẹbí gbà pé kọ̀ǹpútà kan ní Port Harcourt ló tàn wá jẹ. Kọ̀ǹpútà yẹn kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn. Mo ti pinnu pé n ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè ni, ṣùgbọ́n irú àmì tí ìyá wa ní ti yọ lára ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, irọ́ mi yìí ni kò sì jẹ́ kó gbà kí wọ́n yẹ òun wò.

Làálì ni mo ń lé fún ìyàwó tuntun. Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, Iwofe ní Port Harcourt ni mo ń gbé, nítorí Trans-Amadi níbẹ̀ ni ọkọ mi ti ń ṣe wẹ́dà. Àwọn ọmọ mi, Pidgin ni tiwọn. Tí mo bá sọ Yorùbá sí wọn, wọ́n á ní, "Mummy, wetin you talk?" Ó lè pa yín lẹ́rìn-ín. Kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí ní Àjíkẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi, ṣáájú Kòrónà, Ìyá wá bá mi wẹ ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, ó pe oríkì mi láti ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ń kì mí bọ̀ bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo wà nídìí sítóòfù, mo ń ro ògì. Ẹkún ni mo sun.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lé làálì fún un. Ẹni tó bá lé làálì sẹ́sẹ̀ kì í dìde títí yóò fi gbẹ, nítorí náà a ó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà lórí itan mi, á máa sọ fún mi ẹni tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ àti ẹni tó tún fẹ́ ìyàwó. Níbi tí mo ti ń lé e ni mo ti rí àmì dúdú kan ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Etí àmì náà rí jágajàga. Ìyá ní ẹ̀gún ló gún òun.

Oníbàárà mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ní kí n gbé e wá síbi iṣẹ́ òun. Ó ní jẹjẹrẹ awọ kì í ṣe ti òyìnbó àti àfín nìkan, pé tó bá mú àwa dúdú, abẹ́ ẹsẹ̀ ló sábà máa ń sá sí. Dókítà ibẹ̀ gbé gíláàsì kékeré kan tó so mọ́ kọ̀ǹpútà lé gìgísẹ̀ Ìyá. Ó ṣàlàyé pé wọ́n ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán kọ́ kọ̀ǹpútà náà, pé tó bá rí àmì tó mú ìfura dání, á tọ́ka sí i. Ó ní kì í bá òun dájọ́, ojú òun ló ń ràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n làálì mi ti bo ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò rí àmì náà kà.

Dókítà kò gbọ́ Yorùbá, Ìyá kò sì gbọ́ èdè mìíràn. Èmi ni ògbifọ̀. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Madam, no put anything for this leg again. When e clear, bring Mama quick quick. If e go tey, carry am go teaching hospital make dem cut small test am. I no like as e be."

Ìyá ní, "Àjíkẹ́, kí ló wí?"

Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí mo bá sọ òótọ́. Bọ̀ọ̀dá Ìsìáká, ẹ̀gbọ́n mi, á ti Ìlọrin wá, á gbé e lọ sí ọsibítù ńlá tó wà nílé. Kò ní padà wá mọ́. Mo ní, "Ó ní kò sí àìsàn kankan níbẹ̀, Ìyá. Ẹ̀rọ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ara yín dá ṣáká." Ìyá ní alihamdulilahi, ó sì ń súre fún dókítà. Dókítà rò pé ó ti gbọ́ ohun tí òun sọ ni, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, n kò fẹ́ kó kú. Mo kàn fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ mi ni. Mo ní tí a bá ṣe Iléyá tán, n ó mú un padà lọ. Làálì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, àmì náà ń yọjú, n kò lè wò ó. Mo tún gún òmíràn, mo lé e. Ìyá ní ó ń tu òun lẹ́sẹ̀. Báyìí ni mo ń ṣe é, tí oṣù ń gorí oṣù. Ká má tan ara wa, ìgbà yẹn ni ayé dùn mọ́ mi jù lọ.

Nígbà tó di egbò, tí kókó tún yọ lójú itan rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá wá gbé e. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n àìsàn ti kọjá ẹsẹ̀. Àwọn dókítà bi wá pé kí ló dé tí a kò tètè wá. Ìyá fúnra rẹ̀ ló dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Àjíkẹ́ gbé mi lọ. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹ̀rọ ló ní kò sí nǹkan." Mo fa aṣọ ìbora bò ó lẹ́sẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Láti ìgbà tí Ìyá ti kú, kò sẹ́ni tí Bọ̀ọ̀dá kò tíì ròyìn fún nípa kọ̀ǹpútà tó pa ìyá rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ pè mí. Ó ní àmì dúdú yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ọkọ òun, ó sì ń fẹ̀ sí i. Dókítà tó rí i ní Ìlọrin ní àwọn ní irú ẹ̀rọ yẹn, kí àwọn fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bọ̀ọ̀dá dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ sílé.

Mo pè é kí n lè sọ ọ́. Bó ṣe gbé fóònù ló ti ní, "Àjíkẹ́, ọmọ Ìyá mi." Òun nìkan ló kù tó ń pè mí bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ sì jọ ti Ìyá gan-an. Àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo béèrè dípò rẹ̀. Mo ń bẹ̀rù pé tí mo bá sọ ọ́, kò ní pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé.

Ọmọ rẹ̀ ń ṣègbéyàwó láìpẹ́, èmi ni n ó lé làálì fún un. Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tó o bá ń bọ̀, gún un kó pọ̀ díẹ̀. Wàá bá mi lé e sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yìí. Ìyá ní ó máa ń tu òun lẹ́sẹ̀."

Mo ní, "Ó dáa, Bọ̀ọ̀dá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, ẹ fún mi ní ọ̀rọ̀ tí n ó fi bẹ̀rẹ̀ kí n tó dé Ìlọrin. Tó bá na ẹsẹ̀ yẹn sórí itan mi, tó sì pe Àjíkẹ́, n kò mọ̀ bóyá n ó lè sọ pé rárá.