Àwọn Méje Tí Odò Ọ̀ṣun Kò Gbé

Ohun tí Bàbá Béjidé gbé mì láti ọdún méjìdínláàádọ́rin sẹ́yìn, ọ̀sán ọjọ́ kan ní ọdún 1954 ni ó pọ̀ ọ́ jáde, nínú pálọ̀ ilé rẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún dáadáa. Dókítà ti sọ fún Julianah ọmọ rẹ̀ pé ọkàn bàbá kò lágbára mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ikú kọ́ ló lé òótọ́ jáde lẹ́nu arúgbó náà. Ìyìn ni. Ìyìn ti sú u dé gongo.

Adéjọbí, ìránṣẹ́ ọba Ìpọ̀gbà ní apá Èkìtì, ló gbé ìyìn ọ̀hún dé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé aṣọ òfì funfun kan síwájú rẹ̀.

"Bàbá, Kábíyèsí wa ní ká kí yín. Wọ́n ní láyé ogun, nígbà tí wọ́n lé àwọn ọmọ ogun wa, ẹ̀yin lẹ kó wọn sọdá odò Ọ̀ṣun. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù láyé nínú àwọn onígbá tó ń fi igbá kó èèyàn sọdá nígbà yẹn. Lọ́la, ọba wa àti ọba Ìdó-Odò ìlú yín ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà fẹ́ tún májẹ̀mú àwọn baba wọn ṣe, wọ́n á sì fi orúkọ yín sọ títì tó lọ sódò. Mọ́tò wà níta, bàbá. Ẹ̀yin la wá gbé."

Béjidé fi ọ̀pá ti aṣọ náà sẹ́yìn bí ẹni ń ti òkú eku.

"Gbé e kúrò níwájú mi, kí o sì jókòó. Julianah, ìwọ náà jókòó. Òótọ́ ń bọ̀ lónìí, bó bá máa pa mí, kó pa mí."

Ó ní ọba Ìdó-Odò ti bá ọba Ìpọ̀gbà mulẹ̀ pé bí ogun bá lé àwọn ọmọ ogun Ìpọ̀gbà tó wá gbè Ìjẹ̀ṣà lẹ́yìn, ìlú òun yóò gbà wọ́n sọdá. Ogun lé wọn lóòótọ́, odò sì kún. Kábíyèsí ránṣẹ́ sí àwọn onígbá ní èbúté pé, "Àlejò mi ni wọ́n o. Ẹ gbé wọn bí ẹni gbé ẹyin."

Igbá ńlá ni wọ́n fi ń kó èèyàn sọdá nígbà náà. Èrò á gbé àyà lé igbá, onígbá á wà nínú omi lódìkejì, wọ́n á di ara wọn lápá mú, onígbá á sì máa fi ẹsẹ̀ lúwẹ̀ẹ́. Ìbọn kì í bá èèyàn gun igbá, ìbọn ló ń kọ́kọ́ lọ. Ọmọ ogun tó bá ti bọ́ sómi, ọwọ́ òfo ló bọ́ sí i.

"Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀nà," Béjidé ní. "Níbi tí wọ́n ti fọkàn tán wa gan-an. Ògúnlẹ́yẹ ọ̀rẹ́ mi wá bá mi, ó ní àwọn tó ń ra ẹrú wà nísàlẹ̀ odò, iyọ̀ ni wọ́n sì gbé wá. Ogun ti dí ọ̀nà, iyọ̀ ti di góòlù. Ó ní, 'Àwọn tó gbọgbẹ́ nìkan. Omi ló gbé wọn la ó wí.' Ẹ má rò pé ebi ń pa mí o. Iyán wà nílé wa. Ọbẹ̀ tó ládùn ju ti ẹgbẹ́ mi lọ ni mo ń fẹ́. Ọ̀bùn èèyàn ni mí."

"Bàbá, ó tó," Julianah ní. "Ó ti rẹ̀ yín."

"Kò tíì tó."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kó ọmọ ogun náà sọdá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló gúnlẹ̀ ní àlàáfíà, ìyẹn ni ìlú sì fi ń yìn ín. Ṣùgbọ́n méje ni Béjidé jẹ́ kí omi gbé lọ sẹ́yìn igbó ọparun tó wà nísàlẹ̀, níbi tí àwọn olówò ẹrú lúgọ sí. Nígbà tó gbé mẹ́fà àkọ́kọ́, ó di ojú kó má bàa rí wọn. Èkeje ń bá a sọ̀rọ̀, kò jẹ́ kó lè di ojú.

"Ọláìtán ni wọ́n ń pè é. Itan rẹ̀ ni ọta ìbọn bà. Ó ń gbọ̀n, ó ń dúpẹ́, ó ní ìyàwó òun lóyún nílé. Nígbà tó yá ó ní, 'Ọ̀rẹ́, ṣé èbúté kọ́ la fi sílẹ̀ lókè yẹn?' Mo ní omi ló le, kó di apá mi mú dáadáa. Ó sì dì í mú. Nígbà tí àwọn yẹn so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, kò tíì fi mí sílẹ̀, èmi ni mo tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rò pé wọ́n fẹ́ mú àwa méjèèjì ni. Ó ń sọ fún mi pé, 'Sá lọ, ọ̀rẹ́. Sá lọ.'"

Béjidé tutọ́ sínú agolo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó nu ẹnu.

"Mo sunkún níwájú Kábíyèsí pé omi gba méje lọ́wọ́ mi. Wọ́n bọ́ aṣọ ọrùn ara wọn, wọ́n fi bò mí. Wọ́n ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn sí ọba yín, ọba yín sì dáhùn pé kí wọ́n má bá mi wí. Mo fi iyọ̀ náà se ọbẹ̀. Mo jẹ ẹ́, ó dùn."

Adéjọbí ti dìde.

"Oyún tí Ọláìtán sọ yẹn, ìyá mi ni. Phebe ni orúkọ wọn. Wọ́n wà nínú mọ́tò níta, orúnkún ló ń dùn wọ́n tí wọn ò fi wọlé. A kì í jẹ ẹja odò Ọ̀ṣun nílé wa, bàbá. Wọ́n ní baba ìyá mi wà nínú odò yẹn."

Béjidé ní kí wọ́n mú òun jáde. Julianah dì í mú lápá kan, kò sẹ́ni tó di apá kejì mú. Ó dojú bolẹ̀ nínú iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà mọ́tò, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ fún arúgbó obìnrin náà láti orí igbá dé orí iyọ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́.

"Ẹ foríjì mí, màmá."

Phebe kò ṣépè, kò sì pariwo.

"Ó wà láàyè nígbà tí ẹ fi í sílẹ̀?"

"Ó wà láàyè."

"Ọ̀nà ibo ni wọ́n mú un gbà?"

"Ọ̀nà Ìjẹ̀bú."

Ìyá náà yí ojú kúrò lára rẹ̀, ó ń wo títì.

"Ìyá mi ṣe opó rẹ̀," ó ní. "Àwọn ẹbí ṣe òkú rẹ̀. Ó wà láàyè, kò sì sẹ́nì kankan tó wá a lọ."