Gbà Tọwọ́, Gbà Tẹnu

[Ẹ̀GBỌ́N: aránṣọ, opó káfíńtà, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. ÀBÚRÒ: àbúrò rẹ̀ obìnrin, akọ̀wé lọ́yà, ó wà lẹ́nu iṣẹ́.]

[Fóònù ń dún. Ẹnì kan gbé e.]

ÀBÚRÒ: Hẹ́lò, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ káàsán o. Ẹ kú ìrọ́jú.

Ẹ̀GBỌ́N: A dúpẹ́. Iṣẹ́ ń kọ́? Ṣé o ti jẹun?

ÀBÚRÒ: Mi ò tíì jẹun.

Ẹ̀GBỌ́N: O ti jẹun? Ó dáa bẹ́ẹ̀.

ÀBÚRÒ: Mo ní mi ò tíì —

Ẹ̀GBỌ́N: Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yìí ń gé ọ̀rọ̀ lórí ni jàre. Ìdí ẹ̀ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ mi. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mò ń gbọ́ yín kedere.

Ẹ̀GBỌ́N: Jọ̀ọ́, orúkọ bàbá wa, ṣé “h” máa ń wà lẹ́yìn “s” yẹn?

ÀBÚRÒ: Ó máa ń wà níbẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé tí àwọn àlejò mi gbé wá ni.

ÀBÚRÒ: Àlejò wo?

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn tó ta ẹ̀rọ ìrẹ́gi láwìn fún ọkọ mi. Ọmọlúàbí ni wọ́n, má dara ẹ láàmú. Wọ́n kí mi kú aráfẹ́rakù, wọ́n tún bá mi gbé àpótí irinṣẹ́ ẹ̀ wá. Mo ṣí i báyìí, mo rí pẹ́ńsù tó máa ń fi sétí... Àmì eyín ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ìwé wo ni wọ́n wá ní kí ẹ —

Ẹ̀GBỌ́N: Pé mo gbà á ni. Ọ̀gá wọn kà á fún mi: “Èmi, ìyàwó olóògbé, gba gbogbo ohun tó fi sílẹ̀.” Ṣebí àpótí náà nìyí níwájú mi? Mo ti gbà á.

ÀBÚRÒ: Wait, wait. Gbà wo nìyẹn? Gbà tá a fi ọwọ́ gbà, àbí gbà tá a fi ẹnu gbà?

Ẹ̀GBỌ́N: [ó rẹ́rìn-ín] Ìwọ àti ọ̀rọ̀ lọ́yà! Gbà mélòó ló wà?

[Ìlẹ̀kùn kan tì. Kọ́kọ́rọ́ yí.]

ÀBÚRÒ: Ta ló ń tìlẹ̀kùn?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀kan nínú wọn. Ó ní kí eruku má baà wọlé. Èkejì ń fi téèpù mi wọn ògiri.

ÀBÚRÒ: Téèpù yín? Ó ń wọn ṣọ́ọ̀bù yín?

Ẹ̀GBỌ́N: Bóyá ibẹ̀ wù ú.

ÀBÚRÒ: Yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́ o! Ẹ gbọ́ mi, please. Gbèsè ọkọ yín kì í ṣe gbèsè yín. Ohun tó jẹ́ tiẹ̀ ni wọ́n máa fi san án. Tí kò bá tó, wọ́n pàdánù nìyẹn. Owó ìránṣọ lẹ fi ra ṣọ́ọ̀bù yẹn, wọn ò lè fọwọ́ kàn án. Àfi tí ẹ bá —

Ẹ̀GBỌ́N: Ó tún ti ń já. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Ẹ jáde síta! Kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lè mọ́!

Ẹ̀GBỌ́N: Síta? Wọ́n ti tìlẹ̀kùn.

ÀBÚRÒ: Níbi tí ẹ máa sáìn sí, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Ẹ pe lẹ́tà ẹ̀ fún mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Lẹ́tà? Jẹ́ kí n gbé awò mi sójú... G. U. A. R. A. N —

ÀBÚRÒ: Yéè! Onídùúró! Onídùúró ni wọ́n fẹ́ fi yín ṣe! Tí ẹ bá ti sáìn, gbèsè yẹn ti di tiyín, tòun ti ṣọ́ọ̀bù, tòun ti —

[Ariwo bo ìlà fóònù.]

OHÙN ỌKÙNRIN: [jẹ́jẹ́, lẹ́bàá Ẹ̀gbọ́n] Màmá, kí ni àbúrò yín wí?

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu ẹ̀ ná. Òun ló kàwé nínú wa, ohun tó bá ní kí n ṣe ni mo máa ṣe. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Ẹ má sáìn!

Ẹ̀GBỌ́N: Kí n sáìn?

ÀBÚRÒ: Ẹ MÁ sáìn! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gbà!

Ẹ̀GBỌ́N: Gbà?

ÀBÚRÒ: Rárá! Mo ní rá —

Ẹ̀GBỌ́N: [ó yíjú kúrò lára fóònù] Ó ní kí n gbà. Ẹ fún mi ní báírò.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: [ó ń kọ̀wé, ó ń pe lẹ́tà sínú] ...“s”... “h” —

[Ìlà já.]