Hẹlikọ́pítà Ọmọ Akọ̀pẹ

Nínú takisí Òkìtìpupa, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, mo gbọ́ tí tíṣà kan ń bá bàbá rẹ̀, akọ̀pẹ, sọ̀rọ̀.

"Bàbá, géèmù hẹlikọ́pítà ogun ni. Mo ti mọ bọ́tìnnì tó ń gbé e dìde, mo mọ ti ìbọn. Àmọ́ tí mo bá ní kó balẹ̀, ńṣe ló ń já. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ní bó bá tún já lónìí, òun ò ní yá mi mọ́."

"Ìwọ ọmọ akọ̀pẹ! Kí ni mo kọ́kọ́ kọ́ ọ lórí ọ̀pẹ?"

"Ìsọ̀kalẹ̀ ni. Ẹ ò jẹ́ kí n ga ju orí yín lọ títí mo fi mọ̀ ọ́n."

"Ó dáa. Gbé e kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kí o dá a padà."

"Ìbọn ńkọ́, Bàbá?"

"Ẹni tí kò mọ bí yóò ṣe padà délé, kí ló ń wá lójú ogun?"