Àlìhámúdù Tí Àlàájì Múftáù Fi Bo Àbùkù Ọjà

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí oorun bá gbé lọ láàárín ìtàn má baà pàdánù rẹ̀. Ọjà tí o bá mọ àbùkù rẹ̀, sọ ọ́. Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, ní ìmọ̀ràn òdodo ni ẹ̀sìn.

Àlàájì Múftáù ń ta kọ̀ǹpútà ní Ìwó. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Ṣáínà ló ti ń rà á, nígbà tí ayé kò tíì gbọ́ orúkọ wọn. Ohun tí Àlàájì ń lé ni kí wọ́n fi òun ṣe aṣojú wọn fún ilẹ̀ wa àti àwọn ilẹ̀ tó yí wa ká. Ọ̀gá wọn, Lúò, ní ìṣe kan. Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ló ń pe àwọn tó ń bá a tajà pọ̀ sórí fóònù, ìbéèrè kan náà ló sì ń bi wọ́n: "Kí ló ń ṣe ẹ̀rọ wa?"

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ara wa. Bí wọ́n bá bi Yorùbá léèrè bẹ́ẹ̀, kí ló máa wí? Kódà bí ilé ń jó!

"Àlìhámúdù lílááhì, ọ̀gá! Kò sí wàhálà kankan."

Bẹ́ẹ̀ wàhálà wà. Ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà, ooru wa sì ń pa á. Ìyá Ráfátù, tó ní ilé-ìwé, gbé tirẹ̀ wá.

"Àlàájì, ẹ̀rọ yín gbóná bí ààrò, ó ti kú."

"Ìyá wa, iná NẸ́PÀ ló bà á jẹ́. Ẹ fi sùúrù sí i."

Ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn? Ẹ dá mi lóhùn!

Ṣùgbọ́n Hajia Mèmúnà, tó ń tà á ní Kùmásì, kì í gbé e pamọ́. "Ọ̀gá, ẹ̀rọ yín ò lè gba ooru wa! Fáànù inú rẹ̀ kéré. Ẹ wá fojú yín rí i!"

Àlàájì gbọ́ ọ lórí fóònù, ó mirí. "Obìnrin yìí ò lẹ́kọ̀ọ́. Ta ní ń bú ọjà ọ̀gá rẹ̀?"

Lúò wá sí Kùmásì, ó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, ó làágùn, ó padà lọ tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹ̀rọ tó bá fara da ooru Kùmásì, ibo ni kò ní lè gbé? Ó dé Íńdíà, ó dé Mẹ́kà, ilé-iṣẹ́ náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lágbàáyé. Hajia ni wọ́n sì fi ṣe aṣojú.

Àlàájì pe Lúò. "Ọ̀gá, èmi tí mi ò sọ̀rọ̀ yín láìdáa rí?"

"Àlàájì, àwọn tó rà á lọ́wọ́ yín, kí ni wọ́n ń sọ fún yín?"

 Lónìí, ọ̀dọ̀ Hajia ni Àlàájì ti ń ra ẹ̀rọ tó ń tà, Ìyá Ráfátù kò sì yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Lúò kì í ṣe Mùsùlùmí o. Ẹni tí kò mọ Kíbúlà ń wá àbùkù ọjà rẹ̀ kiri, àwa tí a mọ̀ ọ́n ń fi orúkọ Ọlọ́run bo tiwa. Ó dùn mí.

Yà Rọ́bì, fi ọ̀nà mọ̀ wá. Fún wa ní ahọ́n tí yóò sọ àbùkù ọjà wa kí olùrà tó sanwó. Àmín.