Àdúà Tí Mo Ní Kí Àáfà Ṣe fún Ùmàr

Má rẹ́rìn-ín mọ́, Bákàrè! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, pa ẹnu yẹn dé, torí ẹ̀rín yẹn náà lo bú sí ní mọ́ṣáláṣí lánàá tí gbogbo jàmáà fi bá ọ rín in, tí mo ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu kí n kó sí. Lójú Àáfà! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rẹ́ nìyí? Ogún ọdún tí a ti jọ ń ru ẹrù ní ọjà Kejetia nílẹ̀ àjèjì yìí!

Kí ni mo ṣe? Mo mú búrẹ́dì wá ṣe sàárà, mo ní kí Àáfà fi orúkọ Ùmàr kún àwọn òkú tí à ń tọrọ àforíjìn fún ní Jímọ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hàjàrá tí a jọ ń kírun mú orúkọ ìyá rẹ̀ tó kú wá, ẹ ò rẹ́rìn-ín. Àáfà ti bẹ̀rẹ̀ àdúà, ó wá dúró, ó bi mí tìfẹ́tìfẹ́ pé, “Rájí, a ò gbọ́ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ọ́. Ta ni Ùmàr yìí? Ará ilé yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni?” O mọ̀ pé èmi kì í tètè rí ọ̀rọ̀ sọ láàárín èrò. Irọ́ kékeré kan ni mo ṣì ń wá tí ìwọ fi nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé: “Àáfà, olè inú fíìmù ni o! Wọ́n yìnbọn pa á lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun!”

Ei! Ta ló wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì níwájú tẹlifíṣọ̀n Gifty aránṣọ, lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n pa á? Ta ló fi òṣùká rẹ̀ bojú? Wálàhì, omijé rẹ pọ̀ ju tèmi lọ! Gifty ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń kí wa kú ọ̀fọ̀, “due, due”, ìwọ lo dá a lóhùn pé a dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó kú. Mi ò parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gọ̀. Ẹni tó ṣe Ùmàr nínú fíìmù ti lọ sílé rẹ̀ lọ jẹun.

Olè ni, mo gbà. Ó jí, ó parọ́, ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ṣé o rí i bó ṣe máa ń fi ọwọ́ tọ́ omi wò kó tó wẹ ìyá rẹ̀ tó rọ, kó má baà gbóná jù? Ọwọ́ kan náà tó fi ń jalè! Àwọn ẹni rere inú fíìmù yẹn, dárúkọ ẹyọ kan fún mi tó ṣe irú ìyẹn. Ṣé o rí i?

Ó dáa, n ó sọ ọ́, kí ojú tì mí tán lẹ́ẹ̀kan. Ọdún tí Hàníyyà ìyàwó mi bí Hàmdálàt, tí kò sí nǹkan kan nínú ìkòkò, obìnrin kan gbé àpò ìrẹsì lé mi lórí ní ọjà Race Course, ó ní kí n máa tẹ̀lé òun. Èrò há sí àárín wa. Mo ń rí gèlè rẹ̀ níwájú, Bákàrè, mo ń rí i kedere, mo sì yà sí ọ̀nà ilé. Mo gbọ́ tó ń pè, “Aláàárù! Aláàárù!” Mi ò wẹ̀yìn. A jẹ ìrẹsì yẹn tán. Láti ìgbà náà, tí Àáfà bá ti ń wàásù lórí olè, ẹsẹ̀ ara mi ni mo máa ń wò. Ùmàr nìkan ni mo tíì rí tó dà bí mi, tí wọ́n sì fi ojú ènìyàn wò ó. Orúkọ ta lo wá fẹ́ kí n mú lọ fún àdúà àforíjìn? Tèmi?

Kí lo ń wolẹ̀ sí? Dìde. Wọ bàtà rẹ. Àáfà wà nílé. Ìwọ ni wàá kọ́kọ́ wọlé, wàá sọ fún un pé ẹ̀rín rẹ ló gé àdúà yẹn, kó jọ̀wọ́ kó parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, jáde, kí o dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ni mo fẹ́ bá a sọ, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ẹ̀rín kankan lẹ́yìn mi.